Ẹ̀rọ Tó Ń Lọ sí Àgùàlà àti Ẹ̀gbọ́n Mi ní Ọ̀tan-Ilé

Òórùn òjé tó ń yọ́ lẹ́nu irin gbígbóná ni mo fi ń rántí Ọ̀tan-Ilé. Bí mo bá ń kọjá níwájú ìsọ̀ àwọn ọmọ tó ń tún fóònù ṣe ní Òṣogbo níbí, tí atẹ́gùn bá gbé òórùn náà wá, ńṣe ni mo máa ń dúró. Àwọn ọmọ náà á ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ tún fóònù ṣe ni?" Màá ní rárá, ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Irọ́ ni mo ń pa fún wọn. Inú ìsọ̀ kan tí wọ́n fi pákó kàn ni mo tún ti bá ara mi, ìfun rédíò kún ara ògiri, mo di rédíò ọ̀gá wa mọ́ àyà, ẹnu mi sì wúwo bíi pé wọ́n rọ òjé yẹn sí i.

Ọ̀rẹ́ mi, ọdún kejì lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, èmi tí wọ́n bí sí ilé aláró ní Òṣogbo, tí àwọn ọmọ kíláàsì mi fi ń rẹ́rìn-ín nítorí pé n kì í tètè gbọ́ Ìjẹ̀ṣà wọn. Rédíò ọ̀gá ilé-ìwé wa wá dákẹ́ lọ́jọ́ kan. Ọ̀gá yìí, bí kò bá gbọ́ ìròyìn, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé ọkùnrin kan wà ní Ọ̀tan-Ilé tó mọ rédíò bí ẹni mọ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé e fún mi, màá gbé e lọ ní Sátidé. Mo fẹ́ fi ojú rí ìlú náà ni, kò sí nǹkan mìíràn lọ́kàn mi.

Kí n tó sọ ohun tí mo bá níbẹ̀, jẹ́ kí n sọ fún ọ pé mo ní ẹ̀gbọ́n kan. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ìyá wa gbìyànjú títí kó lè máa fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, ó sì ṣe é. Ṣùgbọ́n tó bá di iṣẹ́ ọwọ́, òsì náà ni. Bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára, á fi eyín di ètè ìsàlẹ̀ títí ètè á fi funfun. Ó wọṣẹ́ ológun nígbà ogun, wọ́n sì fi í sáàárín àwọn tó ń rí sí rédíò. Nígbà tó yá, ọmọ ìlú wa kan tí wọ́n jọ lọ dé pẹ̀lú igi lábẹ́ abíyá, ó ní ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn dànù, òun rí ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó ń rì, òun kò rí i kó jáde. A kò rí òkú. A ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, a ṣe ti ogójì ọjọ́, ìyá wa sì fi gbogbo aṣọ rẹ̀ ṣe sàráà. Odindi ọdún kan ni kò fi ọwọ́ kan aró. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ọwọ́ ìyá mi láìní àwọ̀ aró lára, ẹ̀rù rẹ̀ sì bà mí.

Nígbà tí mo dé ìsọ̀ náà ní Ọ̀tan-Ilé, ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kẹ̀yìn sí mi. Ọwọ́ òsì ló fi di irin mú. Mo ṣì ń wò ó nígbà tó yíjú padà, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà láàárín eyín rẹ̀. Ó ti rù, àpá kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀ tí n kò mọ̀ rí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó wò mí. Ó fi irin náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń wò mí bí ẹni tó ń retí nǹkan. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ tí n kò sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o."

Ẹ̀gbọ́n mi ló ń fi "ẹ" kí mi. Mo ní, "Rédíò ni. Kò sọ̀rọ̀ mọ́."

Ó ní, "Ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀."

Má bínú sí mi kí o tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. Ìwọ náà mọ ohun tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà nípa àkúdàáyà: ẹni tó bá kú láìpé ọjọ́, tí ọ̀run kò tíì gbà á, á lọ tẹ̀dó sí ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, á máa ṣiṣẹ́, á máa jẹun, á tilẹ̀ lè fẹ́ ìyàwó, títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé. Àmọ́ bí ará ilé rẹ̀ bá rí i tó sì pe orúkọ rẹ̀, ó parí, á pòórá, á tún gba ìlú mìíràn lọ. Ìwé tí mo kà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kò fọ ìyẹn kúrò lára mi. Bí ọkọ̀ ṣe ń gbé mi padà lọ́jọ́ yẹn, ọpẹ́ ni mo ń dú pé n kò pe orúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Òṣogbo, mo sọ fún ìyá wa. Orí àpótí ni ó wà nídìí ìkòkò aró. Ó yọ ọwọ́ méjèèjì kúrò nínú aró, ó gbé wọn sókè, omi aró ń kán sí i nítan. Ó ní, "Ṣé o pe orúkọ rẹ̀?"

Mo ní, "Mi ò pè é, Ìyá."

"Má pè é o. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Bó bá wà níbẹ̀, kó máa wà níbẹ̀. Kí èmi ṣáà mọ̀ pé ibì kan wà tó wà."

Ó wá fọ ọwọ́, ó lọ yan ẹ̀gúsí, ó sì ṣe róbó. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn róbó ju ẹran lọ láti kékeré. Bí ìyá wa ṣe ń ṣe tirẹ̀ ni pé, lẹ́yìn tó bá ti mọ ọ́n roboto tán, á fi àtàǹpàkò tẹ ààrin rẹ̀ wọlé. N kò rí ẹlòmíràn tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ rí. Ó dì í sínú ewé, ó ní kí n gbé e fún un, kí n má sọ ẹni tó rán mi.

Nígbà tí mo padà dé Ọ̀tan-Ilé ní Sátidé kejì, rédíò ọ̀gá ti sàn. Ó yí i kí n lè gbọ́ bó ṣe ń dún, ìròyìn sì ni wọ́n ń kà lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọ̀run ní òkèèrè rí ẹ̀rọ kan tí wọ́n yìn sókè láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Wọ́n rò pé Àgùàlà ló ń lọ, ìràwọ̀ tó máa ń mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ lọ nírọ̀lẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n iná tó yẹ kó tì í débẹ̀ kú láìpé àsìkò, kò rí iwájú lọ, kò sì rí ilé padà sí, ó kàn ń yí ayé po ni. Wọ́n ní àwọn tó rán an kò tilẹ̀ sọ nǹkan kan.

Àwa méjèèjì dúró, a ń gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn, ó pa rédíò náà. Ó ní, "Kò kúkú sọnù. Bó ṣe ń kọjá lórí ilé ni wọ́n ń rí i. Àwọn tó ni ín ni kò fẹ́ pè é ní tiwọn."

Ọ̀rọ̀ ẹni tí kì í ṣe ará ayé ni mo kà á sí. Mo yára gbé róbó náà sórí tábìlì, mo ní, "Ẹnì kan ní kí n fún yín." Ó tú ewé. Ó mú ọ̀kan, ó sì fi àtàǹpàkò tirẹ̀ sínú ihò tí ìyá wa tẹ̀ sí i, ó fi í síbẹ̀ pẹ́. Kò jẹ ẹ́. Nígbà tó gbé ojú sókè, omi ti kún un. Ó ní, "Ẹni tó fi èyí rán yín, ṣé kò rán yín ní ọ̀rọ̀ kankan sí mi?"

Orúkọ rẹ̀ wà lórí ahọ́n mi, mo ń tọ́ ọ wò bí ẹni tọ́ iyọ̀ wò. Mo ní, "Kò sí."

Ó mi orí. Ó nu rédíò náà, ó fi aṣọ wé e, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ kí wọn nílé." Mo sì lọ. Inú ọkọ̀ ni mo ti sunkún, mo sì ń yin ara mi pé mo ṣe akin, pé mo ti ṣe ohun tó le jù lọ nítorí ẹni tí mo fẹ́ràn.

Oṣù kan kò tíì pé tí mo tún wá àwáwí, mo gbé rédíò tí kò ṣe nǹkan kan lọ síbẹ̀. Àgádágodo wà lẹ́nu ìsọ̀. Ìyá onílé jáde sí mi, ó wò mí tìtì, ó fi Ìjẹ̀ṣà béèrè bóyá èmi ni tíṣà Òṣogbo. Mo ní èmi ni. Ó wá fi mí jókòó. Ó ní ọkùnrin náà ti lọ láti ọjọ́ kejì ọjọ́ tí mo wá gba rédíò, kò sọ ibi tó ń lọ. Ó ní kó tó lọ, ó ròyìn ara rẹ̀ fún òun, pé omi kò gbé e lọ lóòótọ́. Àwọn apẹja ló fà á jáde ní òdìkejì, tí wọ́n fi í pamọ́, tí wọ́n tọ́jú ọgbẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí yóò fi lè rìn, ogun ti parí, ẹ̀rù sì ń bà á pé wọn yóò mú un bí ẹni tó sá lójú ogun. Ó ń bọ̀ wá sílé bẹ́ẹ̀ náà. Iléṣà ló ti pàdé oníṣòwò kan láti Òṣogbo tí kò mọ̀ ọ́n, ó fi ọgbọ́n béèrè ilé wa, oníṣòwò náà sì sọ fún un pé wọ́n ti ṣàdúrà ọmọ ilé náà tán, wọ́n ti pín aṣọ rẹ̀. Kò lè gbé ẹsẹ̀ mọ́. Ó yà sí Ọ̀tan-Ilé, ó mú orúkọ mìíràn jẹ́, ó ń dúró bóyá ẹnì kan nílé yóò wá a wá.

Mo sọ fún un pé àkúdàáyà ni mo kà á sí. Ìyá onílé ní nígbà tí òjò ń rọ̀, ibà dá a dùbúlẹ̀, òun ló se àgbo fún un. Ó ní kò sí òkú kan tí ń ṣe ibà. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ tó lọ: "Àbúrò mi ló wá. Ó wò mí lójú, ó pè mí ní 'ẹ̀yin.' Ìyá mi mọ̀ pé mo wà láyé, ó fi róbó ránṣẹ́, kò fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Wọ́n ti sin mí tán."

N kò mọ bí mo ṣe délé. Nígbà tí mo sọ fún ìyá wa pé ó ti lọ, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni ẹni tó pe orúkọ rẹ̀. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, "Ìwọ kọ́?" Mo ní èmi kọ́. Ó gbé ọwọ́ aró lé mi lórí, ó súre fún mi, ó ní mo ṣeun tí mo gbọ́ràn sí òun lẹ́nu. Bó o bá jẹ́ èmi, báwo lo ṣe máa là á yé e lẹ́yìn ìyẹn pé ọmọ rẹ̀ kò kú rí? N kò sọ fún un. Ọdọọdún, bí àwẹ̀ bá parí, á ṣe róbó díẹ̀, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á gbé e sápá kan, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe títí ó fi kú. Mo wá ẹ̀gbọ́n mi dé Ìmẹ̀sí-Ilé, mo wá a dé Ìlá, kò sí ìsọ̀ rédíò tí n kò yọjú sí, ṣùgbọ́n orúkọ wo ni mo fẹ́ fi béèrè ẹni tó ti pa orúkọ rẹ̀ dà?

Mo kà á lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé àwọn tó rán ẹ̀rọ yẹn náà pa orúkọ rẹ̀ dà, wọ́n fún un ní orúkọ mìíràn kí ayé má baà mọ ibi tó yẹ kó lọ. Mo pa ìwé náà dé, n kò sì lè jẹun. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà mi pé bí Àgùàlà bá yọ nírọ̀lẹ́, kì í ṣe òun ni mo ń wò. Ààyè tó wà láàárín òun àti ilé wa ni mo ń wò.

Láìpẹ́ yìí ni ọmọ ọmọ mi ka ìròyìn sí mi létí láti inú fóònù rẹ̀, pé ẹ̀rọ kan tó ti ń yí ayé po fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún ti já bọ́, wọ́n sì rò pé inú òkun ni. Ó ní, "Màmá, ẹ ò rí nǹkan!" Mo dìde, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ìkòkò aró ìyá wa ṣì wà, tó ti sán. Oòrùn ọ̀sán ń ràn ganrínganrín. Mo pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo tún un pè, mo sì fi oríkì tí ìyá wa fi ń pè é kún un. Ìgbà kẹta, ariwo ni mo fi pè é.

Aládùúgbò wa yọ orí lójú fèrèsé, ó ní, "Ẹ kú ọ̀sán o, Màmá. Ta lẹ ń pè kíkan-kíkan báyìí?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo ní kó máa bọ̀ nílé."