Ẹrù Omi

Kọ̀ǹpútà ọmọ mi ké pín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárọ̀ yìí, nínú yàrá rẹ̀ ní Lẹ́kkí Phase 1, iṣẹ́ tó ń ṣe sì pòórá lójú rẹ̀.

"Mọ́mì, ó ti pa á!"

Ó ṣàlàyé fún mi pé iyè ẹ̀rọ, ibi tó ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ló kún. Bí iyè bá ti kún, ètò tó ń darí ẹ̀rọ á wo iṣẹ́ tó gba ààyè jù lọ, á pa á, kí ìyókù lè rí ibi mí. Mo ní, "Láì bi ẹni tó ni ín?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ni omi ọ̀sà ìgbà èwe mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í ru nínú mi.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ gbọ́ o. Nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì bọ̀ wá sí Ajah, ìyá mi tó jẹ́ télọ̀ gbọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, ṣòkòtò wọn sì ń ya lójoojúmọ́. Ó di maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, onírin, ẹlẹ́sẹ̀, ó fà mí lọ́wọ́, a wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìjẹdé. Bàbá mi ti kú; maṣíìnì yẹn ni oúnjẹ wa.

Bàbá Ọlọ́kọ̀, arúgbó tí awọ ojú rẹ̀ dà bí ti ẹja gbígbẹ, kì í tú okùn àfi bí olúkúlùkù bá dárúkọ ẹrù omi rẹ̀: ohun tó lè yọ̀ǹda fún omi bí ìjì bá dé.

"Ẹ sọ ọ́ ká tó kúrò nílẹ̀. Ẹni tó ń rì kì í ronú."

Ìyá Alágbọn dárúkọ apẹ̀rẹ̀ àgbọn rẹ̀. Ìyá mi dárúkọ odó wa. Káfíńtà kan láti Òṣogbo, tó jókòó lé nǹkan kan tó fi aṣọ bò, rẹ́rìn-ín: "Bàbá, èmi ò lẹ́rù o, àfi ikùn mi yìí."

Ìyá Alágbọn ní, "Ikùn yẹn nìkan tó ẹrù ọkọ̀ kan!"

Àárín ọ̀sà la wà tí ojú ọ̀run fi ṣú. Ìgbì kan fò wọlé, òmíràn tẹ̀ lé e. Omi kan kókósẹ̀ mi, ó gun orúnkún. Odó lọ. Àgbọn lọ, wọ́n ń léfòó lẹ́yìn wa bí orí ènìyàn. Ọkọ̀ ṣì ń tẹ̀.

Káfíńtà pariwo: "Ẹ ju maṣíìnì yẹn sómi! Òun ló wúwo jù!"

Ọwọ́ àwọn èrò ti kan ẹsẹ̀ maṣíìnì. Ìyá mi fi gbogbo ara dì mọ́ ọn.

"Ta ló yọ̀ǹda rẹ̀?" Bàbá ò tiẹ̀ gbé ohùn sókè. "Bó bá jẹ́ èyí tó wúwo jù là ń jù, Káfíńtà, ìwọ ló kàn. Kí lo jókòó lé?"

Ìgbì mìíràn gbá wa létí. Káfíńtà wò mí bí mo ṣe di aṣọ ìyá mi mú, ó dìde, ó ká aṣọ kúrò: kẹ́ẹ̀gì ìṣó ni, ó kún dẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e, ó ń kérora bí ẹni tó ń sin òkú, ó jù ú sómi. Ọkọ̀ sì yọrí sókè.

Bí a ṣe gúnlẹ̀ sí Badore, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ajah, nìyẹn. Ìyá mi ló ń rán ṣòkòtò Káfíńtà títí tó fi padà sí Òṣogbo; bó bá ti yọjú, Màámi á ní, "Ikùn dé o!"

Ilé alájà ti bo etí omi tá a gúnlẹ̀ sí, mọ́tò sì ti gba èrò ọkọ̀ Bàbá. Ṣùgbọ́n maṣíìnì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ wa; orí rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ọmọ mi jókòó lé. Mo sọ ìtàn náà fún un.

"Mọ́mì, a lè ní kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dárúkọ ẹrù omi tiẹ̀, ohun tó lè yọ̀ǹda bí iyè bá kún, kó tó wọlé."

"Èyí tó bá ní òun ò lẹ́rù ńkọ́?"

Ó fọwọ́ pa irin maṣíìnì náà. "A ó wo ohun tó jókòó lé."