Alájì Ùbàídùlláh àti Géèmù Tó Ń Kí Ènìyàn

Lọ́jọ́ tí Alájì Ùbàídùlláh gbé ẹ̀rọ tó fẹ́ kí ènìyàn máa fi ṣe géèmù síwájú ìgbìmọ̀ ní ìlú Atakpamé ní Tógò, ọkùnrin kékeré inú kọ̀ǹpútà jáde nílé láti lọ wá ìṣúra lórí òkè. Kò tíì rìn jìnnà tó fi pàdé bàbá arúgbó kan. Ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá béèrè ilé, ó béèrè ìyàwó, ó béèrè ọmọ, ó béèrè oko. Ọkùnrin náà dìde, ó gbọn eruku nù, ló bá tún ko ìyá àgbà kan. Ó tún dọ̀bálẹ̀. Mùsíọ̀ André, olórí ìgbìmọ̀, wo aago ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi sú u.

"Alájì, ìgbà wo ni géèmù yìí máa bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti bẹ̀rẹ̀," ni Alájì wí, kò sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ wọlé láàárọ̀ yìí tí ẹ ò kí ẹnì kankan."

Ìgbìmọ̀ yìí ló máa pinnu bóyá ẹ̀rọ náà á wọ inú kọ̀ǹpútà ilé àwọn ọ̀dọ́, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú ti ń kóra jọ. Wọ́n ní kí Alájì padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Léonie, ọmọbìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, tó fi iṣẹ́ olóṣù sílẹ̀ torí ẹ̀rọ yìí, kò mọ ibi tó máa fojú sí.

Fóònù àlòkù ni Alájì ń tà lọ́jà, fìlà rẹ̀ a máa tẹ̀ sí apá òsì, pákò kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ọjà ló ń pè é ní Alájì, bẹ́ẹ̀ kò rìn kọjá Anié tó wà nítòsí rí. Bí wọ́n bá bi í nípa Mẹ́kà, á ní ó ń bọ̀ lọ́nà. Kò mọ kóòdù, èdè tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́, kọ rárá, ìdí sì nìyẹn tó fi dá a lójú pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ kó tó ṣe géèmù tirẹ̀: kí aláta fa àwòrán síbi tó bá wù ú, kó tẹ bọ́tìnnì, kó máa ṣeré. Ó pe ẹ̀rọ náà ní Ṣeéṣe. Alájì ló ń ronú, Léonie ló ń kọ kóòdù. Alájì máa ń sọ fáráyé pé òun lòun mú èyí tó le níbẹ̀.

Bí nǹkan bá ṣe ń sọ sí i lọ́kàn ni bọ́tìnnì rẹ̀ ń dé ojú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tí bọ́tìnnì máa ṣe á wá bá a níwájú. Tẹ Òjò, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń bọ̀ lọ́nà. Tẹ Orin, òun náà ń bọ̀. Yàtọ̀ sí ìkíni, ọjà nìkan ló ń ṣiṣẹ́, nítorí Alájì kò gbà pé ohunkóhun láyé yìí ní iye kan pàtó, títí kan kọ́kọ́rọ́ inú géèmù. Àyọ̀kẹ́ aláṣọ, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ná kọ́kọ́rọ́ náà títí. Ẹni tó ń tà á kò dínwó. Àyọ̀kẹ́ bá ṣe bí ẹni tó ń lọ, bí àwa náà ṣe máa ń ṣe kí wọ́n lè pè wá padà. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó rìn títí ó fi dé etí ayé inú kọ̀ǹpútà, ó sì há síbẹ̀.

"Alájì, ẹ ní kó pè mí padà."

"Pípè yẹn," ni Alájì wí, "ó ń bọ̀ lọ́nà."

Ní ti bọ́tìnnì tó ń dá ohun tí ènìyàn bá ṣì ṣe padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, Alájì kò fi ṣeré rárá. Ó gbé Léonie sẹ́yìn alùpùpù lọ sí Kamina, ó fi àwókù ilé wáyà tí àwọn ará Jámánì fi ń ránṣẹ́ sókèèrè hàn án, èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn bà jẹ́ lọ́dún 1914 kí ọ̀tá má bàa rí i lò. Ó mi orí.

"Ọmọ mi, ká ní wọ́n ní bọ́tìnnì yẹn."

Nígbà tí ọdún fẹ́ẹ́ yí po, Léonie ní ìkíni gbọ́dọ̀ kúrò. Ó ní òun ò ní iṣẹ́ mìíràn tí òun lè padà sí. Alájì bẹ̀ ẹ́.

"Yọ òjò. Yọ ọjà pàápàá. Ẹni tí kò kí ará àdúgbò, ta ló fẹ́ bá a jẹ ìṣúra tó bá rí?"

Léonie yọ ọ́. Ọkùnrin kékeré jáde nílé, ó sáré gba iwájú àwọn àgbà kọjá, ó gun òkè, ó gbé ìṣúra. Alájì wò ó tán.

"Ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ," ló wí. Kò fi ẹ̀fẹ̀ kankan kún un. Ó gbé kẹ́tùlù rẹ̀, ó lọ ṣe àlùwàlá.

Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ló mú un lọ kí ọjọ́ ìgbìmọ̀ tó pé. Àyọ̀kẹ́ ní nǹkan kan ṣoṣo nìyẹn tí Alájì ṣe láì kọ́kọ́ kéde pé ó ń bọ̀ lọ́nà. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi etí ìró rẹ̀ nu ojú.

Lọ́jọ́ náà, Mùsíọ̀ André jókòó, ó gbé aago rẹ̀ lé orí tábìlì. Ọkùnrin kékeré jáde nílé. Bàbá arúgbó kan dúró lójú ọ̀nà: fìlà rẹ̀ tẹ̀ sí apá òsì, pákò wà lẹ́nu rẹ̀, fóònù àlòkù kún àpò rẹ̀. Léonie ti dá ìkíni padà.

Ọkùnrin kékeré dọ̀bálẹ̀. Bàbá náà béèrè ilé.

Mùsíọ̀ André yọ ìgò ojú rẹ̀. Ó rọra dìde, ó tẹrí ba.

"Ilé wà, Alájì," ló wí. "Ẹ káàárọ̀ o."

Bàbá béèrè ìyàwó, wọ́n ní ó wà. Ó béèrè ọmọ, gbogbo ìgbìmọ̀ ló dáhùn. Nígbà tó béèrè oko, Mùsíọ̀ André ti sọ fún Léonie pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sínú gbogbo kọ̀ǹpútà ilé àwọn ọ̀dọ́. Ọkùnrin kékeré ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀, ìyá àgbà sì ń dúró dè é níwájú. Kò sẹ́ni tó béèrè ìgbà tí géèmù máa bẹ̀rẹ̀.