Ìròyìn Tí Wọ́n Kà ní Kíláàsì Kọ̀ǹpútà Rọ́fíà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní iléèwé ọmọ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Rọ́fíà ni àkọ́bí mi. SS1 ló wà, ní Ìwó níbí, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Kò sí ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn tó o. Èmi rò pé bí wọ́n ṣe ń tẹ lẹ́tà nìkan ni wọ́n ń kọ́ wọn.

Lọ́jọ́ Ajé, mo wà nídìí máṣíìnì ìránṣọ mi, ọmọ yìí ń ka ìwé ìròyìn sókè. Kí ni mo gbọ́? Pé àwọn onígbájúẹ̀ ti ń fi kọ̀ǹpútà sín ohùn ọmọ jẹ. Wọ́n á pe ìyá ọmọ lórí fóònù, ìyá á máa gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀, wọ́n á ní kó tètè fowó ránṣẹ́!

Mo dá iṣẹ́ dúró. Ta ló ní kó ka irú èyí? Ó ní tíṣà kọ̀ǹpútà àwọn ni. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọmọ kan á mú ìròyìn wá, wọ́n á jọ jíròrò lé e lórí kí ẹnikẹ́ni tó tan kọ̀ǹpútà.

Ẹ gbà mí! Ṣé iṣẹ́ yahoo ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa ni? Mo ní kò ní ṣe ẹ̀kọ́ náà mọ́. Kò fẹnu kan oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo gba iléèwé lọ láti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Tíṣà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ̀wà hù, dọ̀bálẹ̀ kí mi. Kò bá mi jiyàn. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó sẹ́yìn, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tá à ń sọ. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ máa mú un lọ.”

Mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Rọ́fíà ka ìròyìn rẹ̀ tán. Tíṣà wá bi àwọn ọmọ kíláàsì pé báwo ni ìyá ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ òun ló ń sọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin kan ní kí ìyá bi í ní oríkì rẹ̀, pé kọ̀ǹpútà ò mọ oríkì.

Ni ọmọkùnrin ará Kuta kan bá bú sẹ́rìn-ín. “Oríkì wo? Èyí tí màmá ẹ fi ń kí ẹ láàárọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́? Tí wọ́n tún ń kọ sórí WhatsApp lọ́jọ́ ìbí ẹ?”

Kíláàsì pariwo ẹ̀rín. Mo wolẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń rí oríkì Rọ́fíà tí mo ń gbé síbí, ẹ mọ ìdí!

Tíṣà ní, “Rọ́fíà, tìrẹ ńkọ́?”

Ó wò mí, ó ṣe bí ẹni tí kò ní sọ ọ́. “Ẹ má bínú, sà. Màmá mi ò ní béèrè nǹkan kan. Tí wọ́n bá ti gbọ́ ẹkún mi, wọ́n ti ń sáré nìyẹn.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Òótọ́ sì ni! Bó bá pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Ilé-Ogbó, kò sẹ́ni tí mi ò ní pè. Mo rò pé ìbẹ̀rù mi ni mo fi ń dáàbò bò ó. Àṣé ibẹ̀ gan-an ni olè lè gbà wọlé.

Mo nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Mo bi wọ́n pé kí ló yẹ kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ṣe.

Rọ́fíà ló dáhùn. Ó ní kí n pa ìpè yẹn, kí n pe nọ́ńbà òun fúnra mi. Ó ní ká sì ní ìbéèrè kan tí àwa méjì nìkan mọ ìdáhùn rẹ̀.

Mo sọ fún tíṣà pé kó máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tá a délé, a yan ìbéèrè wa. Ló bá bi mí pé tó bá jẹ́ òun gan-an ló ń sunkún ńkọ́?

Mo ní, “Kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè wa ná. Lẹ́yìn náà, kó o máa sunkún lọ, mo ti ń bọ̀.”

Ó dì mọ́ mi.

Ohun tí mo kọ́ ni pé bá a bá fi ìròyìn pamọ́ fún ọmọ, a ò lè fi ọmọ pamọ́ fún ayé. Ẹ̀yin òbí, kí lẹ̀yin náà ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ yín tó yí èrò yín padà? Mò ń retí ọ̀rọ̀ yín.