Àtẹ́wọ́ Mẹ́ta Nínú Ṣọ́ọ̀ṣì

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé Inoke ti padà sídìí yaqona, ohun mímu tí a ń fi gbòǹgbò igi pò, tó ń kun èèyàn lóorun. Àwàdà ni mo ń ṣe. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ni Inoke, irú ẹbí bẹ́ẹ̀ ló sì ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ ní Navatuwai, abúlé wa, láìsí ìbínú. Òun a ní imú mi tóbi tó ọkọ̀ ojú omi. Èmi a pè é ní olè níwájú àlejò, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Káfíńtà ni Inoke, òun náà ló ń wàásù fún wa. Nígbà tí ìjì ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ó dìde níwájú ìjọ, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní fẹnu kan yaqona títí òun yóò fi kan páànù ìkẹyìn. Ẹ̀jẹ́ ńlá ni. Ọkùnrin tí kì í bá ẹgbẹ́ rẹ̀ yí abọ́ yaqona ká nírọ̀lẹ́, ta ló ń bá a sọ̀rọ̀? Mo ní kò ní lò ju oṣù kan lọ. Ó lo oṣù mẹ́rin.

Oṣù karùn-ún ni nǹkan yí padà. Inoke bẹ̀rẹ̀ sí í ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n lọ́sàn-án gangan. Ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ó ń ka ẹsẹ Bíbélì kan mọ́ èkejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó kọ̀, kò gun àkàbà mọ́, páànù mẹ́fà tó kù sì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Mo bi í níwájú àwọn èèyàn pé ṣé yaqona ló ń gùn ún ni. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Inoke kò rẹ́rìn-ín, èyí ló mú mi fura. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Losalini ìyàwó rẹ̀, ìyá Salote ọmọbìnrin wọn, náà ti ń fura. Ó sọ fún mi pé tí ọkọ òun bá ti sùn, òun máa ń tẹ̀ ba láti gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Kò gbóòórùn kankan, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, torí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni Inoke ń wọ inú ahéré tó ń kó irinṣẹ́ sí, tó sì ń ti ilẹ̀kùn. Mo lọ yọjú níbi tí pákó ti là. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí. Ó gbé igbá àgbọn, irú èyí tí a fi ń mu yaqona, sẹ́nu, ó dá orí sẹ́yìn, ó gbé e mì. Mo ní ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Inoke ti ń tòògbé lórí ìjókòó. Wọ́n gbé ife kékeré náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́ kan, ó mu ún, ó tún pàtẹ́wọ́ mẹ́ta, bí a ti ń ṣe nídìí abọ́ yaqona gẹ́lẹ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yíjú sí i. Ojú rẹ̀ là, ó sì rí wa.

Bàbá Kitione, olórí àwọn àgbà ìjọ, pè é lọ́jọ́ kejì. Èmi ni ẹlẹ́rìí. Inoke ní òun kò mu yaqona. Bàbá Kitione bi í ní kí ló wá ń mu nínú ahéré.

Losalini tó bá ọkọ rẹ̀ wá wolẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Salote, ẹ dá wọn lóhùn, ẹ jọ̀ọ́."

Kò dáhùn. Wọ́n ní kó má gun orí àga ìwàásù mọ́.

Ọjọ́ kẹta, Losalini sáré wá pè mí. Inoke ń gbọ̀n, òógùn bò ó, kò sì tíì sùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a dúró. Nọ́ọ̀sì Merewai dé, ó kọ́kọ́ béèrè oògùn rẹ̀. Oògùn wo? Nínú ahéré ni wọ́n ti bá a, lábẹ́ èérún pákó, igbá omi tó fi ń gbé e mì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àtọ̀gbẹ ló ti ba iṣan ẹsẹ̀ Inoke jẹ́, tó fi ń ta á bí ẹni dúró lórí ẹyin iná. Oògùn náà ń mú ìrora yẹn rọlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní oògùn yẹn kan náà ló máa ń fa òòyì, oorun, ojú bàìbàì àti ẹsẹ̀ wíwú fún ẹlòmíì. Ká ní Inoke ti sọ bó ṣe ń ṣe é fún òun ni, wọn ì bá ti dín in kù. Ó ní èèyàn kì í sì í ṣíwọ́ lílò rẹ̀ lójijì, bí Inoke ti ṣe lẹ́yìn tí wọ́n dá a dúró; ìyẹn ló mú kó máa gbọ̀n.

Mo bi Inoke ìdí tó fi pa á mọ́.

"Aporosa, wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé ó tún jẹ́ oògùn wárápá. Wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ Salote. Ìwọ tó o sọ mí di ọ̀mùtí, kí lo máa sọ ọmọ mi dà?"

Ojú tì mí. Dọ́kítà dín oògùn náà kù, ara rẹ̀ wálẹ̀. Bàbá Kitione sọ fún ìjọ pé oògùn ẹsẹ̀ ni, ó dá a padà sórí àga, wọ́n sì gbé Salote níyàwó.

Nílẹ̀ wa, ẹni tó ṣẹni kì í fi ẹnu lásán bẹ̀bẹ̀. Gbòǹgbò yaqona ló ń dì lọ. Mo dì í lọ, mo dorí kodò, Inoke pàtẹ́wọ́ gbà á. Wọ́n pò ó. Nígbà tí igbá dé ọwọ́ rẹ̀, ó nà án sí mi.

Ó ní, "Páànù mẹ́fà ṣì kù. Ìwọ mu ún. Tó o bá mu ún tán, jẹ́ kí ìyàwó mi gbóòórùn ẹnu rẹ."

Mo pàtẹ́wọ́ kan, mo mu ún, mo pàtẹ́wọ́ mẹ́ta. Mo ń retí kó rẹ́rìn-ín.

Ó ti kan òrùlé náà tán báyìí. Tí a bá pàdé, ó máa ń kí mi dáadáa, ó sì máa ń béèrè àwọn ọmọ. Kò sọ nǹkan kan nípa imú mi mọ́.