Ojú Tí Wọ́n Pa Rẹ́ Lára Àlejò Ìràwọ̀

Ọlọ́wọ́-Òsì ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pe obìnrin náà, torí ọwọ́ òsì ló fi ń yàwòrán. Kì í ṣe aláriwo rárá. Bí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ, á fajú ro, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ Àlejò Ìràwọ̀ ká a lára, àwọn tó wà nísàlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbọ́ ohùn rẹ̀ ju ariwo ẹ̀rọ lọ.

Akọni inú ìwé ìtàn aláwòrán tí ilé iṣẹ́ wọn ń tẹ̀ ni Àlejò Ìràwọ̀. Ẹ̀yìn ìràwọ̀ ló ti wá. Á fi àtẹ́lẹwọ́ lásán dá àpáta tó ń já bọ̀ láti ojú sánmà dúró, kí èèyàn sì tó ṣẹ́jú, ó ti fò kọjá òṣùpá. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó jẹ́, torí kò ní ojú tirẹ̀. Ojú àwọn tí ayé kì í wò lẹ́ẹ̀mejì ló máa ń yá lò: lónìí ojú awakọ̀, lọ́la ojú ìyá àgbà tó ń gán bàtà. Ọlọ́wọ́-Òsì ló fi orí ara rẹ̀ rò ó, òun náà ló sì ń yà á láti ìgbà tí kò tíì ní ewú kankan lórí. Nínú ọkọ̀ ni o, níbi tó ti ń tò gba oògùn ni o, bó bá ti rí ojú tó wù ú, ó ti mú un nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí òbí wọn kú, ẹ̀gbọ́n yìí ló fi iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ rán àbúrò lọ kọ́ àwòrán yíyà. Ọṣẹ ti jẹ ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi wú, tó pọ́n, tí ìka rẹ̀ kò sì lè ká mọ́ra dáadáa mọ́. Ó máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìgbà wo ló máa kàn mí ná? Àbí ojú tèmi kò ṣeé yá ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, imú yín ò lè gba inú ìwé."

"Ìwọ náà lọ wo dígí!"

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ fẹ̀yìn tì, Ọlọ́wọ́-Òsì pinnu. Ó ya ìtàn kan tí iná láti ojú sánmà fẹ́ bọ́ lu ìlú, tí Àlejò Ìràwọ̀ sì na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó gbé e dúró. Ojú ẹ̀gbọ́n ni, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ni. Kò fi hàn án. Ó kàn ní, "Ẹ sáà ra èyí tó ń bọ̀."

Ìwé jáde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n wọlé tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó gbé ìwé lé orí tábìlì.

"Mo ti pe gbogbo àwọn tá a jọ ń fọṣọ jọ. Mo ní kí wọ́n wá wò mí. Àbúrò mi, mo wá ara mi títí, n ò rí mi."

Ọlọ́wọ́-Òsì ṣí ìwé. Ọkùnrin kan ló rí, eyín funfun báláú, irùngbọ̀n gígẹ̀. Ojú ọ̀gá tuntun wọn ni! Ọ̀gá yìí kò tíì pẹ́ níbi iṣẹ́, ó sì máa ń bèèrè ní gbogbo ìpàdé pé, "Ta gan-an ni akọni yìí?" Ọlọ́wọ́-Òsì á fèsì pé, "Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, sà. Ohun tó gbé ìtàn náà ró nìyẹn." Àṣé ọkùnrin náà ti ní èsì tirẹ̀ nínú.

Ilẹ̀ mọ́, ó di ọ́fíìsì. Ọmọbìnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà kun àwòrán bú sẹ́kún kí wọ́n tó bi í ní nǹkan. "Ọ̀gá ló ní kí n ṣe é, mà." Ọlọ́wọ́-Òsì kò bá a jà. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Ó kọjá sọ́dọ̀ ọ̀gá, kò kanlẹ̀kùn.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n pa ojú ẹ̀gbọ́n mi rẹ́?"

"Mà, ẹ fara balẹ̀. Àwọn òǹkàwé fẹ́ mọ ẹni tó jẹ́. Mo kàn fún un lójú ni."

"Ojú yín!"

"Ó jọ mí díẹ̀..."

"Díẹ̀ kẹ̀? Àpá tó wà lágbọ̀n yín gan-an wà níbẹ̀!"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ta ni yóò ra ìwé nítorí afọṣọ?"

Ibẹ̀ ni ohùn ti gòkè. "Aṣọ tí wọ́n fi gbà yín lọ́jọ́ tí wọ́n bí yín, ta ló fọ̀ ọ́? Olè lásánlàsàn lẹ jà, ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n jà. Ẹ gbé ojú, ẹ gbàgbé ọwọ́! Ẹ wò ó: orí ọ̀gá, ọwọ́ afọṣọ. Ìgbà wo ni ọṣẹ kan ọwọ́ yín kẹ́yìn?"

Àwọn òṣìṣẹ́ ti kún ẹnu ọ̀nà. Ẹnì kan kò lè mú ẹ̀rín náà mọ́ra. Ojú ti ọ̀gá, ó sì fi ìbínú bò ó: ilé iṣẹ́ ló ni akọni náà, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, ilẹ̀kùn ń bẹ.

"Ẹni tó bímọ àti ẹni tó ni yàrá tí wọ́n bí i sí, ta ló ni ọmọ?"

Kò dúró gbèsì. Ó kó kálàmù rẹ̀, ó fa ojúlówó àwòrán náà yọ nínú àpótí. Ọ̀gá ní kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mira.

Ara ògiri yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e kọ́. Ẹ̀gbọ́n wò ó títí. "Ṣé bí imú mi ṣe tóbi tó nìyí?" Omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìwé náà ṣì ń jáde, ojú ọ̀gá ṣì wà nínú rẹ̀, àwọn èèyàn ṣì ń rà á. Èyí ló dun Ọlọ́wọ́-Òsì jù. Ara ògiri ilé ẹ̀kọ́ ló ń yàwòrán sí báyìí. Bí ẹnì kan bá ní kó dárí jì wọ́n, kó jẹ́ kó tán nínú rẹ̀, á ní, "Kí wọ́n kọ́kọ́ dá ojú padà fún olójú." Á sì kọjú sí ògiri rẹ̀.