Bọ̀ọ̀dá Tí N Kò Fẹ́ Pè

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Sábóń-gàrí, ní Kánò, kì í ṣe bàtà tuntun tàbí kẹ̀kẹ́ ọmọdé ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ohun tí mo ń wá kò ju kí wọ́n máa pè mí ní Bọ̀ọ̀dá. Ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo ilé wa fi ń pe Kẹ́hìndé, èkejì mi, tí a jọ sùn sínú ìyá kan náà foṣù mẹ́sàn-án.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ bí ọ̀rọ̀ ìbejì ṣe rí nílé Yorùbá. Èmi Táyé ni mo kọ́kọ́ jáde, síbẹ̀ wọ́n ní Kẹ́hìndé ló rán mi níṣẹ́ pé kí n lọ tọ́ ayé wò, ẹni tó sì rán ni níṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n. Èmi kò rántí pé ẹnikẹ́ni rán mi níṣẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá Ìyá Àgbà jiyàn? Ìyá bàbá wa ni, ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ń bá wa gbé, òun ló sì pàṣẹ pé kí èmi àti Ìdòwú, àbúrò wa obìnrin, máa pe Kẹ́hìndé ní Bọ̀ọ̀dá. Ìdòwú gbà tayọ̀tayọ̀. Èmi ni ó ń pè ní Táyé lásán. Tí wọ́n bá gbé tùwó kalẹ̀, Kẹ́hìndé ló kọ́kọ́ ń mú ẹran. Lásìkò ọyẹ́, tí òtútù Kánò ń la ètè wa, òun ló kọ́kọ́ ń fi omi gbígbóná wẹ̀, kó tó kàn mí, omi á ti tutù. Mo jowú rẹ̀ débi pé n kì í fẹ́ wo ojú rẹ̀ tó bá ń jẹun. Dípò kí n pè é ní Bọ̀ọ̀dá, "ìwọ" ni mo ń pè é, àìmọye ìgbà ni mo sì kúnlẹ̀, tí mo gbọ́wọ́ sókè, tí mo kọjú sí ògiri nítorí "ìwọ" yẹn.

Ìta nìkan ni ara ti ń tù mí. Àwọn Hausa kò gba ti Ìyá Àgbà. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìbejì tó bá kọ́kọ́ jáde, Hassan, ni ẹ̀gbọ́n, Hussaini tó tẹ̀lé e ni àbúrò. Mùsùlùmí ni wá, nítorí náà àwa náà ní Hassan àti Hussaini lórúkọ. Hájíyà Ladi, tó ń dín másà lẹ́nu ọ̀nà wa, kò pè mí ní nǹkan mìíràn ju "babba" lọ, ìyẹn àgbà. Èmi ni ó kọ́kọ́ ń na másà gbígbóná sí, á fọ́n ṣúgà lé e, á tún fi ọ̀kan ṣe èènì fún mi. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi ṣọ̀lẹ tí wọ́n bá rán mi ní másà. Ṣe ni mo máa ń fi falẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí n lè ṣe ẹ̀gbọ́n díẹ̀ sí i kí n tó wọlé.

Lọ́jọ́ kan Kẹ́hìndé dá lọ ra másà. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́. Hájíyà bi í pé, "Ina yayanka?" Ó ń bèèrè ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà. Mo ń retí kó jiyàn. "Yana gida," ló sọ, pé ó wà nílé, ó gba másà rẹ̀, ó ń bọ̀. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Níléèwé, tíṣà tó ń kọ́ wa ní èdè òyìnbó kọ "brother" sójú pátákó. Ó ní ọmọkùnrin tí ẹ jọ ní òbí kan náà ni, pé òyìnbó kì í bèèrè ta ló dàgbà jù kó tó pè é bẹ́ẹ̀. Mo nawọ́, mo bi í bóyá èmi náà jẹ́ brother Kẹ́hìndé. Ó ní gẹ́gẹ́ bí Kẹ́hìndé ṣe jẹ́ tèmi ni. Mo sáré délé, mo sọ fún Ìyá Àgbà pé àwọn tó ni ọ̀rọ̀ ti là á yé wa, kí Kẹ́hìndé yáa máa pe èmi náà ní Bọ̀ọ̀dá. Ó bi mí bóyá òyìnbó náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí wa. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun àṣárì.

Iléyá ọdún yẹn ló bà mí jẹ́. Télọ̀ ni bàbá wa, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ibo Road. Ó ku ọjọ́ méjì kọ́dún pé, ó gbé bàbáríga oníbàárà kan wálé, ó ní kí Kẹ́hìndé lọ̀ ọ́, nítorí òun ni Bọ̀ọ̀dá. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fẹ́ èédú inú áyọ́ọ̀nù. Bí Kẹ́hìndé ṣe lọ gba omi lọ́wọ́ mẹ́-ruwa tó ń ta omi kiri, mo gbé áyọ́ọ̀nù lé apá bàbáríga náà, kí n lè fi han gbogbo ayé pé mo mọ̀ ọ́n lọ̀. Òórùn ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Ihò tó wà níbẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi.

Kẹ́hìndé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé omi kalẹ̀ ni bàbá wọlé. Bàbá wa kì í bèèrè ẹni tó ṣẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló ń bèèrè, ó ní ẹni tó ń mú ẹran ṣáájú ni yóò gba ẹgba ṣáájú. Ó na bàbáríga náà sókè.

"Ta ni Bọ̀ọ̀dá níbí?"

Mo na ọwọ́ sí Kẹ́hìndé. "Bọ̀ọ̀dá nìyí."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pè é nìyẹn. Kẹ́hìndé wò mí, ó wo áyọ́ọ̀nù, ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Bùlálà mẹ́fà ni ó gbà. Ìyá Àgbà, tó gbọ́ ohùn mi láti inú yàrá, ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo ti mọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó fi ẹran kan ta mí lọ́rẹ. Mo fún Kẹ́hìndé, ó jẹ ẹ́.

Lóde òní, gbogbo ènìyàn ló ti di "bro". Tí mo bá bá àwọn ọmọ mi sọ Yorùbá, Hausa ni wọ́n fi ń fèsì, ṣùgbọ́n bro kò wọ́n lẹ́nu wọn. Wọ́n ń pe ọlọ́kọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n ń bá jà bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá àbíkẹ́yìn mi pe èmi bàbá rẹ̀ ní bro, ó ní ẹnu òun ló yọ̀. Ní ìgbà tiwa, ẹni tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ náà pè, ẹ̀yìn rẹ̀ ń sanwó rẹ̀.

Èmi ń gbé nítòsí Zoo Road báyìí. Kẹ́hìndé ṣì wà nílé bàbá wa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ ẹbí ń gbà, òun sì ni Ìdòwú ń kọ́kọ́ pè lọ́jọ́ ọdún. Ó ṣì ń dùn mí, ẹ má rò pé kò dùn mí. Iléyá tó kọjá, mo pè é lórí fóònù.

"Bọ̀ọ̀dá, èmi ni mo jó bàbáríga yẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀, Yaya."

Ẹ̀gbọ́n ló pè mí yẹn, lédè Hájíyà Ladi. Omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, mo tún jowú rẹ̀: èmi fi gbogbo ìgbà èwe mi há ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mọ́wọ́, Kẹ́hìndé sì ti fi tirẹ̀ tọrẹ fún mi láti ọjọ́ másà.