Ìwé Ìtàn Lórí Àwọ̀n Ignatis

Wọ́n ní Ignatis máa ń rí ìbéèrè ìdánwò ìjọba kí wọ́n tó gbé e jáde. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ló kọ́kọ́ sọ ọ́ sí mi létí. Ó ní ìbátan Ignatis kan ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ìjọba ní Athens, pé onítọ̀hún a máa pè é lórí fóònù, a sì máa díbọ́n bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹja ni wọ́n ń sọ. Mo gbà á gbọ́ dé ìdajì. Ìdajì tó kù, mo fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́, nítorí ọ̀nà ilé ìjọsìn ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ ọ, kò sì yẹ kí ènìyàn gba òfófó gbọ́ tán kó tó gba ara Olúwa. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta ló ti àgbàlá ọkùnrin yìí bọ́ sí yunifásítì láàárín ọdún mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn sì rèé, bàbá rẹ̀ ti ra àgùntàn sílẹ̀ dè é, kí ó máa dà wọ́n bí ó bá fìdí rẹmi. Kí ni ẹ fẹ́ kí n rò?

Àwọ̀n ni Ignatis ń tún ṣe. Ó ti pa ẹja fún àádọ́ta ọdún ní èbúté wa yìí, ní Skala, kí orúnkún rẹ̀ tó kọ ọkọ̀ sílẹ̀. Báyìí, àwọ̀n àwọn ẹlòmíràn ló ń rán nínú àgbàlá rẹ̀, lábẹ́ fèrèsé ilé ìdáná mi gan-an, tó fi jẹ́ pé bí ó bá húkọ́, èmi ni mo ń dá a lóhùn. Ìwé mẹ́fà ló kà. Bí ó bá ń ka ìwé ìròyìn, ńṣe ló ń kà á bí ẹni tó ń yọ egungun lára ẹja: díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìfura.

Èmi ni mo mú Myrsini lọ bá a. Èmi ni ìyá ìsàmì ọmọ náà, èmi ni mo gbé e jáde nínú omi ìrìbọmi. Nígbà tí ó sì gba méje nínú ogún nínú ìdánwò ìtàn lọ́dún tó kọjá, bí ẹni pé èmi ni mo gbà á ni. Méje yẹn ló dí i lọ́nà. Ó fẹ́ lọ sí Rhodes láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọ kékeré. Gbogbo iṣẹ́ yòókù ló ṣe dáadáa, ìtàn ló fà á sẹ́yìn. Pelagia, ìyá rẹ̀, ti sọ ọ́ ní gbangba: "Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí, Myrsini. Kò sí ẹ̀ẹ̀kẹta. Bí o bá tún fìdí rẹmi, ilé ìtura ẹ̀gbọ́n mi ní Molyvos ló kàn, aṣọ ibùsùn àwọn arìnrìn-àjò ni wàá máa fọ̀." Pelagia kì í ṣe ìkà. Òun fúnra rẹ̀ fọ aṣọ ibùsùn yẹn fún ọdún mẹ́sàn-án, ó mọ bí ó ṣe wúwo tó nígbà tí omi bá wà lára rẹ̀.

Oṣù kejì ọdún ni. Òjò ń rọ̀, Ignatis jókòó lábẹ́ òrùlé páànù.

"Ìyá Fotis," ó sọ fún mi, "kí ló ṣẹlẹ̀? Àdúrà ti tán nílé ni?"

"Àdúrà kì í tán, Bàbá. Ọmọ yìí ni. Ìtàn ló ń dà á láàmú."

Ó wo Myrsini láti orí dé bàtà. "O ò mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n sórí, sà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbàgbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, gbogbo èyí tó kù á dàwátì."

"Hẹn. Àgbá tó ní ihò kan. Gbé abẹ́rẹ́ yẹn."

"Abẹ́rẹ́ wo, sà?"

"Abẹ́rẹ́ àwọ̀n. Ṣé ẹnu nìkan lo gbé wá ni?"

Bí ọmọ náà ti ń wá abẹ́rẹ́ kiri, mo tẹ̀ síwájú, mo bi í ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé ẹ ní ìbátan kan ní Athens?"

"Mo ní."

Mo tún sún mọ́ ọn.

"Bátìrì ọkọ̀ ló ń tà," ó ní. "Ṣé tìrẹ ti kú ni?"

Ní ilẹ̀ wa yìí, gbogbo ìyá ló mọ bí a ṣe ń gbọ́ ìwé lẹ́nu ọmọ. O jókòó, o ṣí ìwé sórí itan, o fi ìka lé ìlà, ọmọ á sì máa kà á sí ọ láti orí bí odídẹrẹ́. Bí ó bá fo "àti" kan, ẹ ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ ti àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí mo fi lè sọ fún yín títí dòní ohun tó wà ní òkè ojú ìwé kejìlélógójì. Méjì yege. Ẹ̀kẹta ń wa ọkọ̀ ẹrù, òun nìkan ló sì máa ń rántí pè mí.

Ignatis kò ṣí ìwé. Ó jókòó sórí àpótí ẹja, Myrsini jókòó sórí òmíràn, àwọ̀n sì wà láàárín wọn. Ọwọ́ á máa rán, ẹnu á máa sọ̀rọ̀. Òfin kan ṣoṣo ló ní: bí ohun tí Myrsini sọ kò bá yé e, á ní, "Ó já," ọmọ náà á sì padà síbi tí ọ̀rọ̀ ti já, kì í ṣe sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo máa ń ṣí fèrèsé mi nígbà náà. Èéfín ọbẹ̀ ló fà á.

"Sọ fún mi nípa èso àjàrà gbígbẹ yẹn."

"Àwọn àgbẹ̀ wa gbìn ín gan-an, sà, torí pé àwọn ará Faransé ń rà á."

"Kí ló dé tí wọ́n ń rà á? Ṣé wọn ò ní tiwọn ni?"

"Àrùn ti pa ọgbà tiwọn."

"Nígbà tí ara ọgbà tiwọn wá yá ńkọ́?"

"Wọn ò rà mọ́."

"Àwọn tiwa ńkọ́?"

"Wọ́n ti gbìn ín kún gbogbo ilẹ̀, sà. Ó ṣẹ́kù sí wọn lọ́wọ́, owó ìlú sì bàjẹ́."

"Òmùgọ̀!" Ignatis ju okùn sílẹ̀. "Ta ní ń kó gbogbo ẹyin sábẹ́ adìyẹ kan?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, lọ́dún tí ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ wọ́n, kí lẹ̀yin ṣe?"

Ó mú okùn padà. "Mo ra ìkòkò ìdẹ rẹ̀. Igba."

"Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ńkọ́?"

"Rán àwọ̀n ẹ, jàre."

Kí Àjíǹde tó dé, ọmọ náà ti ń rán àwọ̀n bí ọmọ apẹja, ó sì ti ń sọ ìtàn bí ẹni tó bá wọn débẹ̀. Kò jẹ èékánná mọ́. Ọkàn mi balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lọ sí Mantamados, sọ́dọ̀ Olú-áńgẹ́lì wa. Mo gbé kálámù mẹ́ta síwájú ère rẹ̀ kí ó bùkún wọn, mo sì fi bàtà irin kékeré kan tọrẹ, nítorí gbogbo wa la mọ̀ pé ó ń rìn púpọ̀, bàtà rẹ̀ sì máa ń jẹ. Mi ò rò pé ó mọ ìtàn ọ̀rúndún tó kọjá bí ìwé ṣe kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀ nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Àfi bí ó ṣe ku ọjọ́ mẹ́wàá sí ìdánwò ìjọba. Ilé ẹ̀kọ́ àfikún tí Pelagia ń sanwó rẹ̀ ṣe ìdánwò àdánrawò. Mo ń bó ẹ̀wà ní fèrèsé nígbà tí mo rí Pelagia tó ń bọ̀ wá sí àgbàlá, tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí idà. Myrsini ń tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ ti wú.

"Mẹ́sàn-án!" Pelagia kígbe. "Mẹ́sàn-án nínú ogún! Oṣù mẹ́ta lórí àpótí ẹja, máàkì méjì péré ló fi lé sí i!"

"Ẹ káàsán, Ìyá Myrsini," Ignatis ní.

"Ẹ má kí mi! Ẹ wo ohun tí tíṣà fi bíírò pupa kọ síbí."

Ó gba ìwé náà. Ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì.

"Ó kọ ọ́ pé, 'Ta ni ìyá àgbà yìí?'"

"Ta ni?" Pelagia béèrè.

"Ìyá-ìyá mi ni," Ignatis ní.

Ìbéèrè náà ni pé báwo ni ìjọba ṣe tẹ àwọn tí ogun lé kúrò ní òdìkejì òkun dó. Lójú tiwa níhìn-ín, ìbéèrè ìdílé nìyẹn. Ta ni kò ní ìyá àgbà tó ti Ayvalik lọ́hùn-ún wọ ọkọ̀ wá? Myrsini ti kọ ti Ignatis sílẹ̀ látòkè délẹ̀: bí ó ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté wa láìní bàtà, tí ó gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́ àyà, tí ó sì sùn sí ilé ìjọsìn fún oṣù mẹ́rin. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó sì dùn ún kà. Máàkì kan kò sí níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ Ìtẹ̀dó tí ìwé dárúkọ, ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, ọmọ náà mọ̀ wọ́n, kò kọ wọ́n.

"Mo fún yín lọ́mọ kí ẹ fi ìwé kọ́ ọ," Pelagia ní, "ẹ fi òkú ìdílé yín kọ́ ọ!"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́," Myrsini ní.

"Dákẹ́! Aṣọ ibùsùn ti ń dúró dè ẹ́ ní Molyvos."

Mo ti ń múra láti sọ̀ kalẹ̀ lọ là wọ́n nígbà tí Ignatis sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu ọkùnrin kankan ní Skala.

"Pelagia, èmi ni mo ṣì í."

Obìnrin náà kò mọ ohun tí yóò fi èyí ṣe. Èébú tó kó wá kò tíì tán.

"Mo rò pé bí ó bá ti yé mi, ó tán," Ignatis ní. "Mi ò béèrè ohun tí ẹni tó ń fún ni ní máàkì ń wá. Wò ó, àwọ̀n ọmọ yìí gún, kò sí ihò lára rẹ̀. Àwọn ohun ìléfòó la ò so mọ́ ọn. Àwọ̀n tí kò ní wọn lókè, kò sí bó ṣe dára tó, ìsàlẹ̀ òkun ni yóò lọ sùn. Ọ̀rọ̀ inú ìwé gẹ́lẹ́, òun la ní láti so mọ́ ọn báyìí."

"Ta ni yóò so ó? Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣí ìwé?"

"Ìwọ ìyá rẹ̀ ni. Ṣebí o ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, o mọ̀ ọ́n sórí. Fa àpótí kan wá."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe di mẹ́ta lórí àwọ̀n. Ignatis á ní, "Kí ló dé?" Myrsini á ṣàlàyé. Pelagia á fi ìka lé ìlà, á ní, "Báwo ni ìwé ṣe pè é?" Ọmọ náà á fi ọ̀rọ̀ ìwé dé e. Lójoojúmọ́ ni àwọn àgbà méjèèjì ń jà. Pelagia ní Ignatis ń bu omi mọ́ ìtàn. Ignatis ní Pelagia lè ka orúkọ gbogbo egungun ẹja láì jẹ ẹja rí. Lọ́jọ́ kan, Pelagia gbàgbé ara rẹ̀, ó ní, "Kí ló dé tí ìjọba ò fún wọn nílé lẹ́sẹ̀kan náà?" Ignatis wo òkè fèrèsé mi, ó ṣẹ́jú sí mi.

Ọjọ́ ìdánwò, ilé kọfí tó kọjú sí ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́ la jókòó sí. Ignatis wọ kóòtù ọjọ́ Ìsinmi. Pelagia ṣí ìwé sórí tábìlì. Mo ń gbàdúrà lábẹ́ ahọ́n. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n, Myrsini jáde, ó bu búrẹ́dì mi jẹ láìkí ẹnikẹ́ni.

"Kí ni wọ́n béèrè?" Pelagia ní.

"Ìtẹ̀dó, Màámi. Ti ìgbèríko."

"O ò kọ ìyá àgbà?"

"Rárá o."

Ignatis gbé ife sílẹ̀. "Rárá kẹ̀? Kò wọ ibì kankan? Ogún igi ólífì ni obìnrin yẹn ní! Ṣé ìgboro la ti ń gbin ólífì ni?"

"Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi. Ó ránṣọ títí ó fi rówó ra igi yẹn. Ìgbìmọ̀ kọ́ ló fún un. Àwọn tí Ìgbìmọ̀ fún nílẹ̀ ni wọ́n béèrè."

"Ìgbìmọ̀ mọ̀ ọ́n! Orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn!"

"Orúkọ kì í ṣe ilẹ̀, sà." Ó sì ka ọ̀rọ̀ ìwé náà jáde, láti iṣẹ́ Ìgbìmọ̀ dé ohun tí ìdílé kọ̀ọ̀kan gbà. Ìka Pelagia ń sáré tẹ̀ lé e lórí ìlà, kò rí ibi tí yóò ti dá a dúró.

"Ó dáa," Ignatis ní, ohùn rẹ̀ ti ga, àwọn tó wà ní tábìlì kejì ti yíjú. "Kí ló dé tí wọ́n fẹ́ràn oko ju ìgboro lọ? Hẹn? Ìwé ò sọ ìyẹn!"

"Ó sọ ọ́!" Pelagia ní.

"Kò sọ ọ́ dáadáa!"

"Ìdí mẹ́ta ni, Bàbá," Myrsini ní, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Àkọ́kọ́, ilẹ̀ àwọn tó kó lọ sí òdìkejì òkun ti wà nílẹ̀, kò ná wọn lówó púpọ̀ bíi kí wọ́n máa kọ́lé nígboro. Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Èkejì, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí ebi bá pa gbogbo wọn pọ̀ sójú kan nígboro, ìjà á ṣẹlẹ̀. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ pé àpótí ẹja tó bá kún jù ló ń kọ́kọ́ rà?"

Ignatis la ẹnu láti jiyàn. Ó wo ọmọ náà, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní ìbàdí, tí èérún búrẹ́dì wà lágbọ̀n rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí àwọ̀n tí kò ní ihò. Ó dìde, ó mú fìlà rẹ̀ lórí àga.

"Níbo lẹ ń lọ?" Pelagia kígbe. "Ẹ padà wá, ẹ wò ó níbí, ojú ìwé rèé!"

Ó gbé ọwọ́ sókè láìwẹ̀yìn, ó ti jáde, ó ti dá ojú kọ ọ̀nà èbúté.

"Bàbá!" Myrsini sáré dé ẹnu ọ̀nà. "Mi ò tíì sọ ìdí kẹta!"